Ẹ̀gún Òòrẹ̀

“Àlọ́ o!”

“Àlọ̀!”

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Ìyá Òkété, tó ń bá Ọ̀kẹ́rẹ́ jagun nítorí ẹyìn abẹ́ ọ̀pẹ. Òòrẹ̀ ń fún un ní ẹ̀gún ara rẹ̀ láti fi jà. Àkọ́bí mú ọ̀kan lọ, òkú rẹ̀ ló wálé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti èkejì.

Nígbà tí Òòrẹ̀ mú ẹ̀gún tí àbíkẹ́yìn yóò fi jà dé, epo ẹyìn ń kán lẹ́nu rẹ̀.

“Òòrẹ̀, ibo lo ti rí ẹyìn jẹ?”

“Ìyá, ọ̀tá ń bọ̀, ẹ ń bèèrè ẹyìn!”

Ìyá Òkété mú ẹ̀gún tó yọ lára òkú ọmọ rẹ̀, ó fi wé tuntun. Ọ̀kan náà ni. Ó fa àbíkẹ́yìn lọ́wọ́, ó kọrin lọ sílé Ọ̀kẹ́rẹ́:

Ọ̀kẹ́rẹ́, ta ló fún ọ ní ẹ̀gún?
— Òòrẹ̀ ni.
Ta ló ń jẹ ẹyìn wa?
— Òòrẹ̀ ni.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbè é sókè, kí Òòrẹ̀ lè gbọ́.