Òrùlé Ni Í Kọ́kọ́ Jẹun

Bí àlejò bá dé àdúgbò Òkè-Agbede, tó gbọ́ tí àwọn onílé ibẹ̀ ń sọ pé, "Òrùlé ni í kọ́kọ́ jẹun," yóò gbójú sókè wo páànù, bóyá yóò rí ẹnu lára rẹ̀. Kò lẹ́nu o. Ṣùgbọ́n ó máa ń jẹun, Làmídì ló sì kọ́kọ́ bọ́ ọ.

Awakọ̀ ni Làmídì. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, gbogbo ohun tó kó jọ nídìí ọkọ̀ ló fi kọ́ ilé oníyàrá mẹ́jọ, ó sì kó ayálégbé sí i. Lọ́jọ́ tí owó ilé àkọ́kọ́ wọlé, ó ti ń fẹnu ra àgbò Iléyá àti agbádá tuntun. Ó jókòó sídìí oúnjẹ, ṣùgbọ́n Ràbíátù ìyàwó rẹ̀ kò ṣí ìkòkò.

"Bàbá Mújídá, ẹ kò tíì bu ti òrùlé."

"Ti kí ni?"

Ẹ mọ àṣà wa: bí a bá ń bu oúnjẹ, a kì í gbàgbé ẹni tó rìnrìn àjò. A ó bu tirẹ̀, a ó fi nǹkan dé e, ìgbàkígbà tó bá dé ni yóò bá a. Ràbíátù ní ọmọ tó wà lájò ni òrùlé, kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí yóò délé tòun tebi. Ó gbé abọ́ onídèérí kan kalẹ̀. Àfi kí ọkọ òun yọ díẹ̀ nínú owó ilé sínú rẹ̀ kí òun tó bu ọbẹ̀.

"Obìnrin yìí, ṣé òrùlé léyín ni?"

"Àdúrà wa ni pé kí ẹ má rí eyín rẹ̀."

Ebi ń pa Làmídì. Ó fi owó síbẹ̀, ó ń kùn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe nígbàkígbà tí ayálégbé bá sanwó.

Lọ́dún kejì, Gbádégẹṣin ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ owó pọ́ọ́kú kan dé. Kò sí ohun tí ọkàn Làmídì fẹ́ tó ilé kejì. Ó wọ yàrá, ó gbé abọ́ náà. Ràbíátù kò jà. Ó kàn bi í pé, "Bí ẹ bá jẹ oúnjẹ ọmọ tí kò sí nílé, kí lẹ máa sọ fún un tó bá dé?"

Làmídì dá abọ́ padà. Inú bí i débi pé kò bá aya rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ kejì.

Òjò ọdún náà kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ nígbà tí ìjì ọ̀sán kan ṣí páànù orí ilé, ó gbé e sọ sínú oko ẹ̀gẹ́. Kí òjò tó dá, Ìyá Fọ́lúkẹ́, télọ̀ tó ń gbé yàrá iwájú, ti ń palẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ mọ́. Ojú rẹ̀ ni àwọn yòókù ń wò. Bó bá lọ, gbogbo wọn yóò tẹ̀ lé e, wọn yóò sì béèrè owó ilé tí wọ́n ti san. Làmídì káwọ́ lérí. Ẹ̀rù bà á gidigidi, nítorí ilé yìí ni èrè gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀.

Gbádégẹṣin yọ dé. "Pẹ̀lẹ́, ọ̀rẹ́ mi. Tà á fún mi bó ṣe wà yìí, kó tó di àlàpà." Iye tó dá lé e kò tó owó búlọ́ọ̀kù.

Kí Làmídì tó lanu, Ràbíátù ti gbé abọ́ jáde, ó sì ṣí i.

"Bàbá Mújídá, ọmọ yín ti dé láti àjò. Ẹ fún un lóúnjẹ."

Omi bọ́ lójú Làmídì. Ó yíjú sí télọ̀. "Ìyá Fọ́lúkẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tú ẹrù yín. Mò ń lọ pe káfíńtà."

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, páànù tuntun ti ń dán lórí ilé. Kò sí ayálégbé kan tó kó jáde.

Nígbà tí owó ilé tún wọlé, Ràbíátù gbé iyán kalẹ̀, kò gbé abọ́ jáde. Làmídì kò jókòó. Ó ń wá abọ́ kiri.

"Ẹ jọ̀ọ́, iyán ń tutù."

"Jẹ́ kó tutù! Òrùlé ni í kọ́kọ́ jẹun."

Télọ̀ gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà kiri àdúgbò. Làmídì padà kọ́ ilé kejì. Láti ìgbà náà, abọ́ onídèérí méjì ni wọ́n ń gbé kalẹ̀ kí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà tó fọwọ́ kan òkèlè. Òrùlé ni í kọ́kọ́ jẹun.