Ibodè Tí Kò Mọ Ọmọ Ọjọ́ Mẹ́ta

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, kí ó máa ṣe ètò tí ilé ìwòsàn ńlá kan fi ń gba àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn láti àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké abúlé. Kò fọwọ́ kan aláìsàn rí. Síbẹ̀, ilé oògùn àti ilé tí wọ́n ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ pamọ́ sí kì í fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan àfi ẹni tí wọ́n bá rí àkọsílẹ̀ rẹ̀ nínú ẹ̀rọ.

Àwọn ẹ̀rọ abúlé kì í sọ̀rọ̀ bákan náà. Òmíràn a kọ ọjọ́ ṣáájú oṣù, òmíràn a gbé oṣù ṣáájú. Òmíràn ń fi kílò wọn ènìyàn, òmíràn ń fi gíráàmù. Ọkùnrin yìí wá ṣe ibodè kan sínú ètò rẹ̀. Àkọsílẹ̀ yòówù tó bá gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì dé, ibodè yóò kọ́kọ́ yí i sí èdè ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ńlá náà, yóò sọ gíráàmù di kílò, yóò wá bi í léèrè pé irú kí ni ọ́. Níbi tí nọ́ńbà yẹ kó wà, nọ́ńbà ni kó wà níbẹ̀. Níbi tí ọjọ́ ìbí yẹ kó wà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ "ọdún tí eṣú jẹ oko" síbẹ̀. Èyí tí kò bá bá a mu, ibodè á dá a padà. Ọkùnrin náà ń fi ibodè yìí yangàn káàkiri, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkè òkun ló ti rí àwòṣe tó wò ṣe é.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọ̀gá rẹ̀ já wọlé tọ̀ ọ́. Ibodè ti dá àkọsílẹ̀ kan padà lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n kọ ọ́ fún, ibà pọ́njú ti wọ̀ ọ́ lára, òun àti ìyá rẹ̀ sì ti wà nínú ọkọ̀ tó ń gbé wọn bọ̀. Kò ju wákàtí kan lọ mọ́ tí wọn yóò fi dé. Dókítà fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ àti oògùn ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó gbé ọmọ sọ̀ kalẹ̀, nítorí pé ọmọ náà kò ní àkókò láti fi dúró.

"Ṣí ibodè yẹn sílẹ̀," ni ọ̀gá wí. "Ohun tí wọ́n bá ti fi ránṣẹ́, gbà á bẹ́ẹ̀."

Ọkùnrin náà wo àkọsílẹ̀ méjèèjì. Nínú èkíní, òfìfo ni ibi tí orúkọ yẹ kó wà. Nínú èkejì, orúkọ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ìyá ọmọ ni. Ẹ̀rọ sì ti mọ ìyá náà tẹ́lẹ̀, nítorí ilé ìwòsàn ńlá náà ló ti ń gba ìtọ́jú nígbà tó lóyún. Ó ti so ọmọ pọ̀ mọ́ ọn, ó wá rí obìnrin ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó wọn kílò méjì àbọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni kò wọ etí ibodè. Bí wọ́n bá sì ṣí i sílẹ̀, ìwọ̀n ìyá tó ti wà nínú ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀ ni ilé oògùn yóò fi po oògùn ọmọ, irú ẹ̀jẹ̀ ìyá ni wọn yóò sì gbé jáde.

"Rárá, sà," ló wí. "Mi ò ní ṣí i."

"Bí ọmọ yẹn bá kú sẹ́nu ibodè rẹ ńkọ́?"

"Bí mo bá ṣí i, inú ilé la ó ti fọwọ́ ara wa pa á."

Ọ̀gá ní iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ewu. Ọkùnrin náà ní òun gbọ́. Ẹ̀rù bà á, nítorí ó ní ìyàwó, ó sì ní ọmọ tirẹ̀ nílé, ṣùgbọ́n kò dìde kúrò nídìí kọ̀ǹpútà. Ó gbé fóònù, ó pe agbẹ̀bí tó fi àkọsílẹ̀ náà ránṣẹ́. Láti ìgbà tó ti ṣe ibodè rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò bi ará abúlé kan léèrè ohunkóhun.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, orúkọ ìyá lẹ kọ síbi tí tọmọ yẹ kó wà."

"Kí lo fẹ́ kí n kọ?" ni agbẹ̀bí dá a lóhùn. "Ọmọ ọjọ́ mẹ́ta ni mo sọ fún ọ. Ọjọ́ kẹjọ ni wọn yóò sọ ọ́ lórúkọ. Mo fi ibẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀rọ yín ní kò sáyè. Ṣé kí n wá sọ ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ lórí fóònù ni? Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ìwọ náà, níbo ni wọ́n ti bí ọ?"

Ojú ti ọkùnrin náà. Ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n sọ òun pàápàá lórúkọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún ọmọ rẹ̀. Ibodè tó fi ń yangàn kò mọ̀ pé ọmọ lè wà láyé fún ọ̀sẹ̀ kan láìní orúkọ, nítorí náà ó ti ń kọ́ àwọn olóòótọ́ ní irọ́ pípa. Ta ló mọ iye ìkókó tó ti fi orúkọ ìyá wọn wọlé, tí nǹkan kan kò ta ibodè lólobó?

Síbẹ̀ kò ṣí i sílẹ̀. Ó ṣe àyè tuntun sínú rẹ̀: "kò tíì lórúkọ." Àyè yìí kì í ṣe òfìfo, kì í sì í ṣe orúkọ. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ìyá tó bí i, ọjọ́ tí wọ́n bí i, àti bóyá òun nìkan ni wọ́n bí tàbí ìbejì ni. Ó kọ́kọ́ fi irọ́ dán ibodè wò, ibodè sì kọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ló ní kí agbẹ̀bí tún un fi ránṣẹ́. Ọmọ náà wọlé bí ara rẹ̀ ti rí, kílò méjì àbọ̀, ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀, kò jẹ́ ẹlòmíràn.

Nígbà tí ọkọ̀ dé, dókítà kò wá nǹkan kan kiri. Inú wọ́ọ̀dù ni wọ́n ti sọ ọmọ náà lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ, ó sì ké tó bí ó ti yẹ. Ọ̀gá fún ọkùnrin náà ní ìwé ìkìlọ̀ nítorí àìgbọ́ràn. Ó gbà á, ó fọwọ́ sí i, kò bẹ ẹnikẹ́ni.

Ìwọ tí mo ń bá sọ̀rọ̀, ìwọ náà ní ibodè tìrẹ. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ dé ibẹ̀, wọn yóò sì sọ fún ọ pé kí o ṣáà gbà á, gbogbo ayé ló ń gbà á. Bi í léèrè irú ohun tó jẹ́. Bí olóòótọ́ bá kan ìlẹ̀kùn rẹ lẹ́ẹ̀mejì tí kò rọ́nà wọlé, yẹ ìlẹ̀kùn náà wò, má fi ti òkè òkun dá ọmọ ilé rẹ lẹ́bi. Ohun tí o kò bá sì tíì mọ̀, sọ pé o kò tíì mọ̀ ọ́n, má fi tẹlòmíràn dí àlàfo. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí o jẹ́ kí irọ́ kọjá nítorí pé àkókò ń lọ, kọ̀. Bí wọ́n bá fi iṣẹ́ halẹ̀ mọ́ ọ, jẹ́ kí wọ́n gba iṣẹ́ wọn. Má fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ ra ìjókòó.