Ìdí Tí Ilẹ̀kùn Ilé Ẹ̀gà Fi Kọjú Sílẹ̀

Nígbà láéláé, ilẹ̀kùn ilé ẹ̀gà wà níwájú gbangba, ó kọjú sí ọ̀nà, ó sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò méjì lè wọlé pọ̀. Ẹ̀gà fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹyẹ tí kì í pariwo.

Àṣà kan wà nínú igbó. Ẹni tí ó bá ń kọjá lọ gbọ́dọ̀ kí òṣìṣẹ́ pé, "Ẹ kú iṣẹ́." Òṣìṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró, kí ó dáhùn, kí ó sì béèrè àwọn ará ilé. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọn a ní ìyá rẹ̀ kò kọ́ ọ.

Ìyá Ẹ̀gà kọ́ ọ dáadáa. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, bà lé imọ̀ ọ̀pẹ, ó ní, "Baálé mi, ẹyin ń bọ̀. Kò ní ju ọ̀túnla lọ. Níbo ni n ó yé e sí?"

"Kí oòrùn ọ̀la tó wọ̀, ilé á ti parí," ni Ẹ̀gà wí.

Ó ya imọ̀ ọ̀pẹ tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi ẹnu mú un, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hun ún. Ó kù díẹ̀ kí ó ta kókó kìn-ín-ní ni Ọ̀kẹ́rẹ́ dé.

"Ẹ̀gà, o kú iṣẹ́ o."

Ẹ̀gà la ẹnu láti dáhùn, imọ̀ bọ́ sílẹ̀. Ẹnu tí ó fi ń hunlé náà ni ó fi ń sọ̀rọ̀.

"Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Ọmọ mẹ́sàn-án ni Ọ̀kẹ́rẹ́ bí, ó sì ń ròyìn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hu eyín. Nígbà tí ó fi kan èyí tí ó ń wúkọ́, oòrùn ti kàn àtàrí.

Bí ó ti ń lọ ni Alángbá dé. Alángbá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, orí ni ó ń mì. Ṣùgbọ́n bí ó bá mi orí fún ọ lógún ìgbà, ogún ni ìwọ náà gbọ́dọ̀ mì padà. Ẹ̀gà mi orí títí òòyì fi kọ́ ọ.

Lẹ́yìn náà ni Baba Ìgbín dé. Ọ̀sán ló ti kí Ẹ̀gà. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, ó ṣì wà nídìí ọ̀pẹ, ó tún kí i.

"Baba, ẹ ò tíì kọjá ni?"

"Mo ń kọjá lọ́wọ́, ọmọ mi. Ilé ńkọ́?"

"Ilé ò tíì sí, Baba."

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ kejì rí. Nírọ̀lẹ́, Àwẹ̀ró wá wo ilé. Kókó kan ṣoṣo ló bá. Òjò sì ti ṣú dùdù.

"Ṣé inú kókó ni n ó yé ẹyin sí ni?" ló béèrè. "N kò lè ní kí ẹyin dúró de Baba Ìgbín."

"Ṣé kí n wá di aláìlẹ́kọ̀ọ́?"

Àwẹ̀ró ní, "Ẹ dá wọn lóhùn. Àmọ́ ẹ dá gbogbo wọn lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ tó mú imọ̀ sẹ́nu. Kí ẹ sì jẹ́ kí ilẹ̀kùn ilé yìí kọjú sílẹ̀. Ta ni yóò dorí kodò torí àtikí ènìyàn?"

Bí ilẹ̀ ti mọ́, Ẹ̀gà tú gbogbo èsì dà síta wàràwàrà: "Ẹ ṣé o, àwọn ọmọ ńkọ́, ẹ kú oríire eyín, ẹ pẹ̀lẹ́ fún ikọ́, mo mi orí, mo tún mì í, Baba, ẹ rọra máa kọjá." Ó wá mú imọ̀ sẹ́nu, ó ta kókó. Ó tún tú èsì dà, ó tún ta kókó.

Ọ̀kẹ́rẹ́ dé. Ó wá ilẹ̀kùn títí. Ó rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lára imọ̀, ó dorí kodò. "Ẹ̀gà, o kú..." Ojú rẹ̀ yí, ó sì ṣubú sínú koríko.

"Kò burú," ló wí, ó ń gbọn ìrù. "Ó kúkú ti béèrè àwọn ọmọ."

Bí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ ti kán ni Ẹ̀gà ta kókó ìkẹyìn. Ó ti hun ìdènà kékeré sínú ilé, kí ẹyin má baà yí jáde. Àwẹ̀ró gba ìsàlẹ̀ wọlé.

Ẹ̀gà rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà nínú òjò, ó na etí sínú ilé.

"Àwẹ̀ró? Ṣé kò sí nǹkan?"

Ohùn rẹ̀ ti inú ilé wá.

"Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀. Mo ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́."

Láti ọjọ́ náà ni ilẹ̀kùn ilé ẹ̀gà ti kọjú sílẹ̀, tí ẹ̀gà sì ń pariwo lórí ọ̀pẹ láti àárọ̀ dalẹ́. Bí o bá gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kí i, kí o sì máa lọ. Ó ti dá ọ lóhùn kí o tó dé.