Olú Tí Mo Jókòó Lé

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jẹ́ kí n fìdí lélẹ̀ ná, nítorí ó rẹ̀ mí dé eegun. Èmi Ọdẹ́jìnmí, tí mo ti le ẹfọ̀n rí, omi lásán ló tán mi lókun.

Àwọn tí ń rẹ aṣọ ní ilé iṣẹ́ ńlá tó wà lókè odò ló ń da aró sínú omi wa: lónìí pupa, lọ́la àwọ̀ ewé. A bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n kọ etí ikún sí wa. Ìbídùn ìyàwó mi wá palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ó ní, “Bàbá Fadérera, bí omi yìí kò bá mọ́ kí a tó jẹ iṣu tuntun, ilé bàbá mi ni mò ń lọ. N kò ní aṣọ funfun kan mọ́, àfi gèlè kan ṣoṣo!” Ogójì ọdún la ti jọ wà, ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọnú.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo wọ Igbó Òṣùṣù, mo pàdé iwin kan tí ewú hù lára igbá àyà rẹ̀, Jẹrà-má-kùú lorúkọ rẹ̀. Ó ní, “Olú ló lè gba àwọ̀ lára omi. Wá olú lọ.”

Ọba ni mo rò pé ó ń wí! Ọjọ́ méje ni mo fi wá ààfin kiri, tí mo ń dọ̀bálẹ̀ fún ìrókò, tí mo ń kí ọ̀gán kú ìjókòó, tí ọ̀bọ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí ẹsẹ̀ kọ̀, mo jókòó lórí ìtì igi jíjẹrà kan.

“Ọdẹ, èéṣe tí o jókòó lé olú lórí?” Jẹrà-má-kùú ló dé.

Mo fò dìde, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìtì igi. “Kábíyèsí, ẹ foríjì mí!”

Iwin rẹ́rìn-ín títí ó fi dì mọ́ igi. “Olú tí ìyàwó rẹ fi ń sebẹ̀ ni mo wí! Igi líle ló ń jẹ. Ṣé aró le ju igi lọ ni? Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ èyí tó bá ti mu aró, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má sì mu omi náà. Mímọ́ ojú kọ́ ni mímọ́ inú.”

Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ máa wo ìdí yín kí ẹ tó rìn jìnnà.

Mo ru ìtì igi náà tòun ti olú orí rẹ̀ délé, mo gbẹ́ kòtò, mo gbé e sí i, mo sì darí omi odò gba ibẹ̀. Ẹrù Ìbídùn ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó ti gèlè funfun kan ṣoṣo tó kù fún un bọ omi náà, ó fún un gbẹ, ó sá a sí oòrùn. Funfun ni.

Ilé iṣẹ́ yẹn ṣì ń da aró, èmi náà ṣì ń ru igi. Ìbídùn kò yìn mí. Ó tú ẹrù rẹ̀, ó ní, “Ìtì kan kò tó o, Bàbá Fadérera. Ẹ dìde.”