Bọ́ọ̀dù Tí Kò Mọ Orúkọ

Ní Sátidé tó kọjá, ẹ dá ọmọ mi padà sílé mi pẹ̀lú báàgì méjì. Ọmọ yín ọkùnrin, ọkọ rẹ̀, ló wakọ̀ gbé e wá. Kò sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, kò sì kí mi. Lórí fóònù ni ẹ ti wá sọ fún mi pé àlòkù ni mo gbé fún yín, pé ẹ ti dá ọjà mi padà fún mi.

Mo gbọ́. Ìyá Akínbọ̀dé, n kò ní bú yín. Àlòkù ni èmi ń tà láti ọdún mọ́kàndínlógún, ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà, nínú ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti jókòó mu omi rí. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́ náà. Mo tú èyí, mo to tọ̀hún, mo ba púpọ̀ jẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ẹ ti mú ọ̀rọ̀ àlòkù wá síwájú mi, ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí mo mọ̀ ṣe àkàwé fún yín. Ẹ jókòó, kí ẹ kà á tán.

Ọkùnrin kan wà tó ní kọ̀ǹpútà tó fi ń gbá bọ́ọ̀lù orí géèmù. Kọ̀ǹpútà náà ti ń lọ́ra. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á ti gbá bọ́ọ̀lù wọlé kí àwòrán tirẹ̀ tó dé ibẹ̀. Wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìròyìn ìdíje ló ń wò, kì í ṣe ìdíje. Ó dùn ún. Ó gbọ́ pé bí ènìyàn bá pààrọ̀ ọpọlọ kọ̀ǹpútà, èyí tí àwa oníṣọ́ọ̀bù ń pè ní pirosẹ́sọ̀, ara rẹ̀ á yá. Tuntun ju agbára rẹ̀ lọ. Ó wá àlòkù lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń tà á.

Àṣà àwọn tó ń ta àlòkù ni pé ọpọlọ kì í kúrò ní ṣọ́ọ̀bù kí oníbàárà tó fojú ara rẹ̀ rí i pé ó tàn. Obìnrin náà ní bọ́ọ̀dù kan lórí tábìlì rẹ̀ tí kì í tà, ìdánwò ló wà fún. Bọ́ọ̀dù ni pátákó tí ọpọlọ ń jókòó lé nínú kọ̀ǹpútà. Ó gbé ọpọlọ náà lé e, ó tẹ iná, ó tàn. Àwòrán jáde kedere. Inú ọkùnrin náà dùn.

Obìnrin náà bi í pé bọ́ọ̀dù wo ló wà nílé rẹ̀, àti pé páwà tó ń fún un níná ńkọ́, ṣé ó gbé e. Ó ní kó lọ ya fọ́tò wọn wá, tàbí kó kúkú gbé kọ̀ǹpútà náà wá. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín.

“Màmá, ọpọlọ ni mo wá rà. N kò wá ṣe ìdánwò.”

Obìnrin náà tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Ọkùnrin náà ní òun ti rí i tó tàn, ìyẹn tó. Ó dì í sínú ọ̀rá, ó lọ.

Nígbà tó délé, ó gbé ọpọlọ náà síbi tí ti àtijọ́ wà. Ó jókòó síbẹ̀ dáadáa, nítorí ojú ihò wọn bára mu. Fáànù yí. Iná kékeré tàn. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú. Ó yọ ọ́, ó dá ti àtijọ́ padà, kọ̀ǹpútà tàn. Ó tún gbé èyí tó rà sí i, òkùnkùn. Ó ní ọ̀rọ̀ ti yé òun wàyí. Bọ́ọ̀dù òun dára, ṣebí ó ń gba ti àtijọ́. Àlòkù yìí ló ti kú.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ní ìwé orúkọ kan nínú ara rẹ̀. Àwọn tó ṣe é kọ orúkọ àwọn ọpọlọ tó wà nígbà náà sínú ìwé yìí. Ọpọlọ tó bá dé lẹ́yìn náà, bó ti wù kó dára tó, bọ́ọ̀dù kò ní dá a mọ̀ àfi bí wọ́n bá kọ orúkọ rẹ̀ kún un. Kì í ṣe iṣẹ́ ńlá. Kò gbà ju àkókò tí ènìyàn fi ń se ìrẹsì lọ. Ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣe é, ọpọlọ kò sì lè ṣe é fúnra rẹ̀.

Ọkùnrin náà kò bi ẹnikẹ́ni. Ó gbé e sí i nígbà kẹta. Inú ti ń bí i, kò wo ibi tó kọjú sí. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí kò wọlé, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́ ìró kékeré kan. Ọpọlọ náà ní ẹsẹ̀ lábẹ́, wọ́n ju ẹgbẹ̀rún kan lọ, wọ́n tín-ín-rín bí irun. Méje nínú wọn ti wọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó kó ọ̀rẹ́ méjì lẹ́yìn, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù obìnrin náà. Ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá pé òkú ọjà ni wọ́n tà fún òun. Àwọn oníbàárà tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù rọra jáde. Obìnrin náà mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ yìí bá fìdí múlẹ̀, kò sẹ́ni tó máa ra nǹkan lọ́wọ́ òun mọ́. Kò bá a jà. Ó ní kó lọ gbé kọ̀ǹpútà náà wá. Ọkùnrin náà kọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ní, “Lọ gbé e wá jàre, ká rí òkú ọ̀hún dáadáa.”

Ó gbé e wá. Obìnrin náà mú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá àti abẹ́rẹ́ ìránṣọ, ó ń na àwọn ẹsẹ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́fà tọ́. Ìkeje tọ́ díẹ̀, kò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gbé ọpọlọ náà lé bọ́ọ̀dù orí tábìlì rẹ̀. Ó tàn. Ó wá kọjú sí kọ̀ǹpútà ọkùnrin náà, ó kọ orúkọ ọpọlọ náà kún ìwé inú bọ́ọ̀dù rẹ̀, ó sì gbé e sí i. Ó tàn níbẹ̀ náà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan gbá bọ́ọ̀lù lórí géèmù, àwòrán sì bá bọ́ọ̀lù dé inú àwọ̀n.

Ọkùnrin náà ní, “Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?”

“Mo bi ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.”

Ibẹ̀ ni ìtàn náà parí sí.

Ìyá Akínbọ̀dé, ọmọ mi kì í ṣe ọjà. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀, mo kàn tẹ̀lé yín débi tí ẹ mú ọ̀rọ̀ dé ni. Ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́ kú. Ẹ mọ̀ kí ẹ tó wá tọrọ rẹ̀. Ẹ wá sílé mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ rí bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀, ẹ rí i pé ó tàn lórí tábìlì mi. Mo bi yín pé báwo ni ilé yín ṣe ń lọ, ta ló ń dáná níbẹ̀. Mo bi yín bóyá ẹ máa gbà kó máa lọ kí ìyá olóògbé náà lóṣooṣù, torí obìnrin yẹn kò ní ọmọ mìíràn. Ẹ ní ìyàwó ni ẹ wá fẹ́, ẹ kò wá ṣe ìdánwò. Mo tún bi yín lọ́jọ́ ìdána. Ẹ ní kí n fọkàn balẹ̀.

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ ní kó má dé ọ̀dọ̀ obìnrin náà mọ́. Ó lọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ti kíṣìnì mọ́ ọn. Ẹ ní ìyàwó àkọ́bí yín ti lo ọdún mẹ́jọ nínú ilé náà láìní wàhálà, nítorí náà ilé dára, ọmọ mi ni kò dára. Ohun tí ọkùnrin tó ní kọ̀ǹpútà sọ gan-an nìyẹn. Ilé yín mọ ìyàwó àkọ́bí, orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé yín. Ta ló kọ ti ọmọ mi kún un? Oṣù mọ́kànlá ló lò. “Ẹni yìí” ni ẹ ń pè é. Bí àlejò bá wà, ẹ ó ní “ẹni tó ti lọ́kọ rí.” Àwọn ọmọ ọmọ yín gbọ́, àwọn náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ó wà nínú yàrá mi báyìí. Ó ń jẹun, ó ń lọ síbi iṣẹ́. Láàárọ̀ àná, mo pe orúkọ rẹ̀ láti kíṣìnì, kò dáhùn. Mo pè é títí mo fi lọ bá a. Ó ní òun gbọ́, òun kàn kò rò pé òun ni mò ń pè. Ẹsẹ̀ keje nìyẹn.

N kò ní kí ẹ wá mú un. Bóyá yóò padà tàbí kò ní padà, ẹnu rẹ̀ ni a ó ti gbọ́ ọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní, ìgbà kẹta tí mo ń bi yín ní nǹkan sì nìyí. Ẹ má bi ọmọ yín, ẹ má lọ wo ìwé ìgbéyàwó. Kí ni orúkọ ọmọ mi? Ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Ẹ dá mi lóhùn.