Fọ́nrán tí Ẹ̀gà àti Ìyàwó Rẹ̀ So fún Àṣá

Ààlọ́ o.

Ààlọ̀.

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó kọjá lórí ìrókò, ó kọjá lórí àràbà, ó bà lé orí ọ̀pẹ. Ta ni ó bá níbẹ̀? Ó bá Ẹ̀gà. Ó bá Àwẹ̀ró, ìyàwó Ẹ̀gà. Ó bá Àṣá tó fẹ́ jọba.

Ẹ sún mọ́ mi. Ẹni tó ń jẹ àgbàdo, kó rọra máa jẹ ẹ́, kí n lè gbọ́ ohùn ara mi.

Láyé àtijọ́, àwọn ẹyẹ ní ọba. Ọba náà dàgbà, ó sì wàjà. Wọ́n sunkún rẹ̀ fún ọjọ́ méje. Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, wọ́n ní ìlú kì í wà láìní olórí, wọ́n ní àwọn á dìbò.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń dìbò nígbà náà. Ilé kan, fọ́nrán imọ̀ ọ̀pẹ kan. Ọkọ á mú orí kan, ìyàwó á mú orí kejì, wọ́n á jọ so ó mọ́ ẹ̀ka igi ẹni tí wọ́n bá fẹ́. Ọkọ kò gbọdọ̀ dá a so. Ìyàwó kò gbọdọ̀ dá a so. Bí ọ̀rọ̀ wọn kò bá ṣọ̀kan, fọ́nrán wọn á gbẹ sílé. Ẹni tí fọ́nrán rẹ̀ bá pọ̀ jù, orí àwọn fọ́nrán náà ni yóò jókòó lé. Ìtẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ìdìbò yìí ká Ẹ̀gà lára púpọ̀. Lọ́dún tó ṣáájú, Àwẹ̀ró yé ẹyin mẹ́ta. Ejò gun ọ̀pẹ, ó gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mì. Tọkọtaya dúró lórí ẹ̀ka, wọ́n ń wò ó, wọn kò lè ṣe nǹkan kan. Láti ọjọ́ náà, Ẹ̀gà kì í rí oorun sùn. Àwẹ̀ró náà kì í sùn, ṣùgbọ́n ó máa ń dijú kí ọkọ rẹ̀ lè rò pé ó ti sùn. Lọ́dún ìdìbò yìí, ó tún ti yé ẹyin mẹ́ta mìíràn.

Ẹni ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Ẹ rántí ìyẹn, kí ẹ má tètè bínú sí Ẹ̀gà.

Àwọn mẹ́ta ló jáde fún oyè. Ọ̀kín ló kọ́kọ́ dìde. Ó tan ìrù, ó rìn lọ, ó rìn bọ̀. Ó ní bí òun bá jọba, gbogbo ẹyẹ ni yóò lẹ́wà. Ìyá Àparò tó ń gbé nídìí ọ̀pẹ Ẹ̀gà, tí aṣọ rẹ̀ máa ń pọ́n bí eruku ọ̀nà oko, ní òun ti rí ẹni tòun. Ẹ má fi rẹ́rìn-ín. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ pọ́n ló mọ ohun tó ń wá.

Àdàbà ló tẹ̀ lé e. Ohùn rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀. Ó ní òun kò lè bá ejò jà, òun kò sì ní purọ́. Ó ní òun á máa ṣọ́nà ni. Bí òun bá rí ejò, òun á ké, gbogbo ẹyẹ á sì jọ lé e.

Àṣá ló ṣe ìkẹta. Àjèjì ni. Ìkọjá odò ló ti wá, kò sẹ́ni tó mọ ilé rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ìyá rẹ̀. Ó ká èékánná rẹ̀ sábẹ́ ewé, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ó ní, "Ejò ni ìṣòro yín. Ẹ fi mí jọba. Tó bá di ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kò ní rí ejò nídìí ọ̀pẹ yìí mọ́."

Ẹ̀gà kò mọ ìgbà tó dìde dúró.

Ni àríyànjiyàn bá bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi jiyàn lórí ọ̀pẹ. Àwọn kan ní ẹwà Ọ̀kín kò lè bọ́ ọmọ yó. Àwọn kan ní Àdàbà ti rọ̀ jù, wọ́n ní ọba kì í rọ̀ bí ẹ̀kọ. Àwọn kan ní Àṣá lalágbára, agbára ni ìlú ń fẹ́. Ẹ̀gà pariwo ju gbogbo wọn lọ.

Àwẹ̀ró bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ó ní kí ni Àṣá ń jẹ? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹni tó fẹ́ gba ìlú là, obìnrin yìí ń béèrè oúnjẹ rẹ̀. Àwẹ̀ró kò bá wọn jà. Ó fi orin sí i. Ẹ bá mi gbè é:

Àṣá wá láti ìkọjá odò,
*Ẹ bi í wò.*
Ó lóun ó pa ejò fún wa,
*Ẹ bi í wò.*
Bó pa ejò tán, kí ni yóò jẹ?
*Ẹ bi í wò.*

Wọ́n gbe orin náà o. Ó dùn lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan tó lọ bi í.

Lọ́jọ́ ìdìbò, láàárọ̀, Ẹ̀gà mú fọ́nrán dé iwájú ìyàwó rẹ̀. Àwẹ̀ró ní kí àwọn so ó fún Àdàbà. Ẹ̀gà mi orí.

Ó ní, "Àwẹ̀ró, Àdàbà ní òun á ké. Ṣé àwa kò ké lọ́dún tó kọjá ni? Ṣé igbe wa dá ejò dúró?"

Àwẹ̀ró wò ó títí. Ó ti pinnu pé òun kò ní fọwọ́ kan fọ́nrán náà. Àmọ́ nígbà tó rí ojú ọkọ rẹ̀, àánú rẹ̀ ṣe é.

Ó ní, "Ọkàn mi kò gbà á, baálé mi. Ṣùgbọ́n mo rí i bó ṣe ń dùn yín. Ẹ mú orí kan, n ó mú orí kejì."

Ìfẹ́ ló so fọ́nrán yẹn, ọgbọ́n kò sí níbẹ̀. Ẹ̀gà sì mọ ìdè í dì. Nínú gbogbo fọ́nrán ọjọ́ náà, tiwọn ló le jù.

Àṣá wọlé ìbò. Ó di ọjọ́ kẹta, ó pa ejò. Òótọ́ ni mo sọ, ó mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Ó gbé òkú ejò kọ́ sórí ẹ̀ka, àwọn ẹyẹ jó yí i ká. Ẹ̀gà sùn, ó sùn wọra. Àwẹ̀ró ń rò ó pé bóyá òun ṣẹ àjèjì náà láìnídìí.

Ẹyin pa. Ọmọ mẹ́ta jáde.

Láìpẹ́, wọn kò rí ọmọ ìyá Àparò kan mọ́. Wọ́n ní ó ti ṣìnà nínú koríko. Wọn kò rí ọmọ Àdàbà kan mọ́. Wọ́n ní atẹ́gùn ló gbé e. Lọ́jọ́ kẹta sí ìyẹn, lọ́sàn-án gangan, Àṣá bà lé ilé Ẹ̀gà, ó ki èékánná bọ inú ilé, ó gbé àkọ́bí. Àwẹ̀ró ya ìyẹ́ bo àwọn méjì tó kù.

Ẹ̀gà ní, "Kábíyèsí, ẹ ní ẹ ó gba àwọn ọmọ wa là."

Àṣá kò bínú. Ó ní, "Mo ní ẹ kò ní rí ejò nídìí ọ̀pẹ yìí mọ́. Ṣé ejò ló gbé e yìí? Kò sẹ́ni tó bi mí ní ohun tí èmi ń jẹ."

Ó bá fò lọ.

Ẹ̀gà sọ̀ kalẹ̀ sí ìdí ọ̀pẹ. Ó doríkodò, kò jẹ, kò mu. Ó ń retí kí ìyàwó rẹ̀ wá sọ pé òun kúkú ti wí i. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń bà á lẹ́rù ju Àṣá lọ. Àwẹ̀ró dé, ó jókòó tì í. Kò sọ ọ́.

Ó ní, "Èmi ni mo mú orí kejì. Ọwọ́ mi wà níbẹ̀. Àwọn méjì ṣì wà nílé, ebi ń pa wọ́n. Ẹ dìde, baálé mi. Ohun tí a so, ó ṣeé tú."

Nígbà tí Àṣá jáde lọ wá ẹran, gbogbo ilé tó so fún un wá tú fọ́nrán wọn. Ìtẹ́ ń tán lọ, ó ku ìdè kan. Ti Ẹ̀gà ni. Ó fà á, kò tú. Ó tún fà á, ó le sí i. Àwẹ̀ró mú orí kejì. Wọ́n jọ fà á lẹ́ẹ̀kẹta, ìdè tú, ìtẹ́ já bọ́.

Àṣá dé, kò rí ibi jókòó. Àdàbà ké. Gbogbo ẹyẹ bò ó, kékeré àti ńlá, wọ́n lé e kọjá odò. Títí dòní, Àṣá kì í bá ẹyẹ jókòó, ojú ọ̀run ló ti ń wá jalè.

Wọ́n ní kí wọ́n tún dìbò lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀gà ní kí wọ́n rọra. Wọ́n ṣì wà lẹ́nu àríyànjiyàn náà. Ariwo tí ẹ ń gbọ́ lórí ọ̀pẹ nìyẹn.

Àwọn ọmọ méjì yẹn dàgbà, wọ́n fò lọ. Òjò tuntun dé, Ẹ̀gà hun ilé tuntun. Àwẹ̀ró fẹ́ wọlé, Ẹ̀gà dí ẹnu ọ̀nà. Ó fi ẹsẹ̀ kọ́ sábẹ́ ilé, ó ń gbọn ìyẹ́.

Ó ní, "Má tíì wọlé. Fà á wò ná. Fa ìsàlẹ̀, fa ẹ̀gbẹ́, wo inú. Bí ọkàn rẹ kò bá gbà á, má tìtorí mi gbà á."

Àwẹ̀ró fa ìsàlẹ̀, ó dúró. Ó fa ẹ̀gbẹ́, fọ́nrán kan yọ. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀. Ojú yẹn náà ló wò lọ́jọ́ ìdìbò. Ó ní, "Kò le tó." Ẹ̀gà kò jiyàn. Ó fi ẹnu ara rẹ̀ tú gbogbo ilé náà palẹ̀, ó lọ já imọ̀ mìíràn, ó ń kọrin lọ.

Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí abo ẹ̀gà kì í fi í wọlé kó tó fà á wò. Bó bá kọ̀, akọ á tú u, á tún un hun, kò ní bínú, nítorí ó mọ àwọn tí yóò sùn níbẹ̀.

Ibi tí àlọ́ mi bà sí nìyí. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni, kó dúró sídìí ọ̀pẹ lọ́la, kó gbójú sókè. Á rí ọkọ tó fi ẹsẹ̀ kọ́ sábẹ́ ilé tó hun, tó ń dúró de ohun tí ìyàwó rẹ̀ máa sọ.