Bí Ẹfúnyẹmí Ṣe Ṣí Ìkòkò Aró Rẹ̀

Ohun tó wà nínú ikùn kì í ran ará ilé lọ́wọ́;
Ìkòkò tí a dé lórí, ẹni tó dé e nìkan ló mọ inú rẹ̀;
Bí ikú bá mú ẹni tó dé e, ta ni yóò bá wa ṣí i?
Àwọn ló díá fún Ẹfúnyẹmí, Ìyá Aláró ìlú Òkè Ẹ̀lú,
Ní ọjọ́ tí gbogbo aró àgbàlá rẹ̀ ń kú,
Tí ó ń fi ekún ṣe ìrahùn ire.

Ẹ̀yin tí ẹ ń darí ẹgbẹ́, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́, ẹ fetí sí èyí. Mi ò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí oorun bá ń kùn, kó lọ sùn níta.

Ẹfúnyẹmí ni olórí àwọn obìnrin tó ń rẹ aṣọ láró ní Òkè Ẹ̀lú. Àgbàlá wọn wà létí odò. Abẹ́ àtíbàbà kan náà ni gbogbo ìkòkò wọn wà. Bí o bá gba ibẹ̀ kọjá, wàá rò pé ọmọ ìyá kan ni gbogbo wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Olúkúlùkù ló ní aṣọ tí ó fi ń dé ìkòkò rẹ̀, ogún ìyá sì ni aṣọ náà. Èèwọ̀ ni kí ẹnìkan ṣí ìkòkò ẹlòmíràn wò. Ohun tí ìyá bá mọ̀ nípa aró, etí ọmọ rẹ̀ nìkan ló ń sọ ọ́ sí, ìyẹn náà sì di ọjọ́ tí ó bá ń kú lọ.

Bí aró ẹnìkan bá bàjẹ́ ńkọ́? Kò ní wí fún ẹnikẹ́ni. Á dà á sódò ní ìdájí, á ní Ìyá Mọ̀pó tó ni iṣẹ́ aró ló ń bínú, á fi obì bọ ọ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Aládùúgbò rẹ̀ tí tirẹ̀ bàjẹ́ lánàá á ṣe bí ẹni tí kò rí i. Wọ́n ń pe ìyẹn ní ọ̀wọ̀. Èmi ò mọ ohun tí ẹ̀yin ń pè é níbi iṣẹ́ tiyín.

Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Òjúọlápé. Òun ló ń sun eérú fún gbogbo àgbàlá. Aró kì í ṣe ewé ẹ̀lú nìkan; omi eérú ló ń jí i. Bí eérú kò bá dára, aró kò ní jí, aṣọ tí a bá rì bọ inú rẹ̀ yóò sì jáde ní àwọ̀ eruku. Òjúọlápé mọ igi tí ó ń sun, ó mọ bí ó ṣe ń sun ún. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń retí kí ara òun di ara àgbà kí ó tó pe ọmọ rẹ̀ jókòó. Àárọ̀ ọjọ́ kan ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó gbé igi, kò sì dìde mọ́. Ikú kò fún un láyè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Wọ́n sin Òjúọlápé. Olúkúlùkù wá ń sun eérú tirẹ̀ bí ó ṣe rí i. Kò pẹ́ tí aró fi bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ti ìkòkò yìí kú, ti tọ̀hún kú. Olúkúlùkù rò pé tòun nìkan ni. Olúkúlùkù ń da tirẹ̀ sódò ní ìdájí. Odò dúdú títí, kò sì sí ẹni tó béèrè ohun tó ṣe odò.

Àsìkò náà ni ọba wàjà, tí wọ́n yan òmíràn. Aṣọ dúdú tí ọba tuntun yóò fi wọ ìpèbí, ilé tí yóò jókòó sí kí ó tó gorí ìtẹ́, àgbàlá yìí ni wọ́n ti ń rẹ ẹ́ láti ìṣẹ̀dálẹ̀. Àwọn ìjòyè ránṣẹ́ sí Ẹfúnyẹmí pé: "Ìyá Aláró, a ti gbọ́ pé aṣọ yín kò dú mọ́. Bí aṣọ ọba kò bá dú kí oṣù tuntun tó lé, a ó gba etí odò lọ́wọ́ yín, a ó fi í fún aláró tí yóò ti ìlú mìíràn wá."

Ibẹ̀ ni wọ́n bí Ẹfúnyẹmí sí. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ àti ìyá ìyá rẹ̀ ti jẹun. Ó gba ọ̀nà ilé àwọn awo lọ pẹ̀lú omijé.

Àwọn awo ní kì í ṣe aró ló ń kú, ìmọ̀ ló ń kú. Wọ́n ní kí ó kọ́ ilé kan tí ohun tí olúkúlùkù mọ̀ yóò máa wọ̀ sí, kí ẹni tí kò mọ̀ lè máa bá a níbẹ̀. Wọ́n ní kí ó rú ẹyẹlé, àkùkọ àti epo, kí ó sì fi aṣọ tí ó fi ń dé ìkòkò tirẹ̀ lé e. Wọ́n ní aṣọ yẹn gan-an ni olórí ẹbọ.

Ẹfúnyẹmí gbọ́. Ó rú ẹyẹlé, ó rú àkùkọ, ó da epo. Nígbà tí ó kan aṣọ, ó fà sẹ́yìn. Aṣọ ìyá rẹ̀ ni. Bí kò bá sì sí aṣọ lórí ìkòkò, gbogbo ayé yóò rí i pé aró Ìyá Aláró gan-an ti kú. Ó lọ ra aṣọ tuntun lọ́jà, ó fi ìyẹn lé ẹbọ. Ó ní, "Aṣọ náà kọ́ nìyí? Ta ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò?"

Èṣù yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó kọ́ ilé náà. Ilé tó rẹwà ni, wọ́n fi ẹfun kùn ún. Wọ́n pè é ní Ilé Ọgbọ́n. Ó fi obìnrin kan tí kì í gbàgbé ọ̀rọ̀ ṣe olùtọ́jú rẹ̀, ó sì pàṣẹ pé kí gbogbo aláró wá sọ ohun tí wọ́n mọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n wá o. Ta ni yóò kọ ọ̀rọ̀ sí olórí lẹ́nu? Ọ̀kan wọlé, ó ní ewé ẹ̀lú ni a fi ń ṣe aró. Ọ̀kan ní odò ni a ti ń pọn omi. Àrinpé, tó jẹ́ igbákejì Ẹfúnyẹmí, dúró títí, ó wúkọ́, ó ní: "Ẹni tó bá fẹ́ rẹ aṣọ, kó má wọ aṣọ funfun wá síbi iṣẹ́." Wọ́n kan sáárá sí i. Ilé kún fún ọ̀rọ̀, ọgbọ́n kò sí níbẹ̀. Nígbà tó yá, kò sí ẹni tó ń yà síbẹ̀ mọ́, àfi ewúrẹ́ tí òjò bá lé.

Ta ni ẹ fẹ́ dá lẹ́bi? Olórí ní kí wọ́n ṣí inú wọn payá, òun alára dé ìkòkò rẹ̀ pa. Ohun tí wọ́n rí i tí ó ń ṣe ni wọ́n ṣe.

Oṣù ń lọ sópin. Ẹfúnyẹmí tún padà sọ́dọ̀ àwọn awo. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, mo rúbọ, ẹbọ ò dà." Ọ̀kan nínú wọn bi í pé, "Ìyá, aṣọ ìkòkò yín dà?" Ó sunkún bí ọmọdé. Wọ́n ní, "A ò bá yín jà. Ẹbọ tí ẹ kò rú ṣì ń dúró dè yín nílé."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó pe gbogbo aláró jọ sídìí ìkòkò rẹ̀. Ó ká aṣọ ìyá rẹ̀ kúrò lórí ìkòkò, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún ẹbọ. Òórùn gba gbogbo àtíbàbà. Àwọn obìnrin fi ọwọ́ bo imú. Ẹfúnyẹmí kúnlẹ̀ níwájú àwọn tó ń kúnlẹ̀ kí i. Ó ní:

"Ẹ bá mi wò ó. Láti ìgbà tí Òjúọlápé ti lọ ni aró mi ti kú. Mi ò mọ ohun tí ó ń ṣe sí eérú. Ìtìjú ló jẹ́ kí n máa bò ó. Ẹni tó bá mọ ohunkóhun, ẹ dákun, ẹ ràn mí lọ́wọ́."

Àánú rẹ̀ ṣe wọ́n, wọn kò lè wo ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni obìnrin kan ní tòun náà ti kú. Òmíràn ní tòun náà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́ káàkiri, títí ó fi hàn pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló ń da aró sódò. Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ tú jáde. Ọ̀kan rántí pé igi ayín nìkan ni Òjúọlápé ń gbà lọ́wọ́ àwọn aṣẹ́gi, pé igi tí kì í bá ṣe ayín, á ní kí wọ́n máa gbé e lọ. Òmíràn, tí ilé rẹ̀ kángun sí ibi iná Òjúọlápé, ní bí ó bá sun eérú tán, á fi omi pò ó, á mọ ọ́n ní ìṣù, á tún un sun. Olúkúlùkù ti rò pé ohun tí òun mọ̀ kéré jù láti sọ.

Ó wá ku nǹkan kan. Aró tuntun kì í tètè jí bí a kò bá bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ ìkòkò aró tó wà láàyè sí i, oṣù kò sì ní dúró dè wọ́n. Wọ́n ń wo ojú ara wọn. Aró ta ló wà láàyè?

Àrinpé ló dìde. Ó ní, "Ẹ dìde nílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Tèmi ṣì wà láàyè díẹ̀. Eérú Òjúọlápé ló ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́, mo fi pamọ́. Mò ń retí kí ojú tì yín níwájú àwọn ìjòyè, kí wọ́n lè fi mí jẹ Ìyá Aláró." Ó tún ní, "Bí wọ́n bá ti gba àgbàlá, níbo ni màá ti jẹ ẹ́?" Ó ká aṣọ orí ìkòkò tirẹ̀, ó tẹ́ ẹ lé ti Ẹfúnyẹmí. Ẹbọ dà, ẹbọ fín.

Wọ́n sun ayín, wọ́n mọ eérú, wọ́n tún un sun, wọ́n bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ Àrinpé sí ìkòkò gbogbo. Aró jí. Aṣọ ọba dú bí ìkamùdù. Etí odò kò kúrò lọ́wọ́ wọn.

Ẹfúnyẹmí kò wó Ilé Ọgbọ́n. Ó ní kí wọ́n gbé ìkòkò wọ inú rẹ̀. Láti ìgbà náà, ní ọjọ́ ọjà gbogbo, kí ẹnikẹ́ni tó kó aṣọ lọ tà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pàdé. Ẹni tí aró rẹ̀ bàjẹ́ ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni yóò gbá àgbàlá. Olùtọ́jú ilé kò jókòó de ẹnikẹ́ni mọ́, òun ló ń tọ̀ wọ́n lọ nídìí iṣẹ́, tí ń bi wọ́n léèrè. Ẹni tó ń sun eérú gbọ́dọ̀ ní ẹlòmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kì í ṣe ọmọ rẹ̀. Bí ohun tí wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀ bá ti gbó, tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, wọ́n á jùmọ̀ wí bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì yọ ọ́ kúrò. Kò rọrùn. Àwọn kan kùn títí ẹnu fi rẹ̀ wọ́n. Ní ọjọ́ ọjà tó bá tún pé, Ẹfúnyẹmí ni yóò kọ́kọ́ ṣí ìkòkò rẹ̀.

Ó wá ń yin àwọn awo, àwọn awo ń yin Ifá. Ó ní ohun tí wọ́n wí ló ṣẹ. Rírú ẹbọ ní í gbe ni, àìrú kì í gbènìyàn; ẹni tó sì rú ààbọ̀ ẹbọ, ààbọ̀ ire ni yóò máa wò lókèèrè. Olórí tó bá fẹ́ kí ará ilé ṣí inú, tirẹ̀ ni kó kọ́kọ́ ṣí.

Ẹfúnyẹmí gbó, ó tọ́. Ní ọjọ́ tí ó kú, kò sí ẹni tó sáré lọ fi etí sí ẹnu rẹ̀. Àrinpé, tí òun náà ti ń tẹ ọ̀pá, ló wẹ̀ ẹ́. Àwọn ọmọ olóògbé bi í pé kí ni ìyá àwọn sọ fún un nípa iṣẹ́ aró kí ó tó lọ. Àrinpé ní, "Ó ti sọ gbogbo rẹ̀ fún wa tipẹ́. Kò gbé nǹkan kan lọ." Wọ́n sin ín, wọ́n sunkún rẹ̀ kíkorò. Nígbà tí ọjọ́ ọjà pé, wọ́n ṣí gbogbo ìkòkò wò, gbogbo aró ló wà láàyè.